Àga Tí Màmá Mi Fi Ń Kírun

Inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin, Màmá mi kúrò nílé wọn ní Ṣàngó, wọ́n wá bá wa ní Bódìjà láti wá wẹ ọmọ. Tọmọ-tìyá ni wọ́n ń wẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á ki aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi tẹ̀ mí níkùn títí omi á fi lé ròrò sójú mi. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á mú ọ̀já, wọ́n á fi orúnkún tì mí lẹ́yìn, wọ́n á sì fà á le bí ẹni ń di ẹrù tó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Mú un mọ́ra," ni wọ́n máa ń wí. "Bí o ò bá jẹ́ kí n dì í báyìí, ikùn yìí á bá ẹ dàgbà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúnkún yẹn. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé orúnkún ń dun Màmá mi. Wọn kì í dúró kírun. Àga onípákó kékeré kan ni wọ́n ń jókòó lé, ó sì bá wọn wá sí Bódìjà. Kò sí ọmọ wọn tí kò tíì ra ìpara orúnkún fún wọn rí. Èmi alára ti rà á láìmọye ìgbà. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ṣàdúrà fún wa, wọ́n á gbé e sínú àpótí.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, àwàdà kan ṣoṣo ló mọ̀ lásìkò yẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wo ikùn mi, á ní, "Ṣé ìkejì ò tíì jáde ni?" Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Màmá mi náà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, eyín mi nìkan ló sì ń rẹ́rìn-ín náà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mí wọ egungun.

Nílé wa, bí ogójì ọjọ́ ìyá ọmọ bá ti pé, ó parí. Èèyàn á wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra, á padà sídìí ìrun rẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ àwọn èèyàn wa ti sọ ogójì yìí di èsì gbogbo ìbéèrè. Ṣé ó lè gbé omi báyìí? Ogójì ti pé. Ṣé ó lè padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀? Ogójì ti pé. Bí ẹni pé ara obìnrin náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ lára ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tí ogójì tèmi pé gan-an ni ọkọ mi mú ẹ̀bùn ìbímọ dé: ó ti forúkọ mi sílẹ̀ ní jíìmù kan ní Challenge. Màmá mi pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọkọ gidi nìyí."

Ọmọkùnrin kan tó fi fèrè kọ́rùn ló ń darí wa níbẹ̀. Okùn fífò la fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe fò, mo rí i pé mo tutù nísàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé òógùn ni. Mo tún fò, ó tún dà. Mo dúró, mo fa aṣọ mi bolẹ̀, ojú ń tì mí. Ó fọn fèrè.

"Mọ́mì, ẹ má dúró o! Gbogbo ìyá ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ń ro yín lára ni ọ̀rá ń yọ́!"

Ọmọ tí kò bí aláǹgbá rí ló ń kọ́ mi ní ohun tí ìyá ọmọ ń ṣe. Mo fò. Mo ń lọ bẹ́ẹ̀, mo ń fi páàdì sídìí, títí ìdí mi fi wúwo bí ẹni pé nǹkan fẹ́ já bọ́ níbẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ìrun ni mi ò lè fara dà. Bí mo bá foríkanlẹ̀, ìtọ̀ á jò. Mo máa dìde, mo máa tún àlùwàlá ṣe, mo máa tún foríkanlẹ̀, á tún jò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń kí ìrun Alaasari títí àsìkò rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kọjá, mo sì jókòó sórí ẹní, mo ń sunkún. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí n lè forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run mi, kí ara mi sì mọ́. Mo sọ fún Màmá mi. Wọn ò yanu, wọn ò bi mí ní nǹkan kan.

"Mú àga," ni wọ́n wí.

"Orúnkún ò dùn mí, Màmá."

"Ṣáà mú àga."

Ọsibítù ni mo gbà lọ. Wọ́n ní kí n lọ rí obìnrin fisió kan, àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan ara. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n gbé orí sókè díẹ̀. Ó fi ìka tẹ àárín ikùn mi, ìka náà sì wọlé.

"Iṣan ikùn yín là sọ́tọ̀ láàárín, kò tíì padé. Ti ìsàlẹ̀ tó ń gbá ìtọ̀ dúró náà ti rọ̀. Ta ló ní kí ẹ máa fo okùn?"

Mo ní, "Ogójì ti pé."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ti ìrun nìyẹn, mà. Iṣan ò mọ ogójì." Ó ní kí n tú ọ̀já, pé bí wọ́n ṣe ń fà á le yẹn, ẹrù inú mi ló ń tì sísàlẹ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí dé ikùn, bí wọ́n ṣe ń fún ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń mú ìtọ̀ mọ́ra, kí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́. Kí n máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá jò, bí ìdí bá wúwo, bí ara bá ro mí tàbí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, kí n dúró, kí n wá. Eré sísá àti okùn fífò di ọ̀pọ̀ oṣù sí i, ó dìgbà tí òun bá tún yẹ̀ mí wò.

Mo délé, mo tẹ́ ẹní, mo bẹ̀rẹ̀. Màmá mi gbé ọmọ dání, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n béèrè ohun tí mò ń ṣe, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra béèrè pé, "Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà?"

Mo dìde jókòó. Orúnkún tí wọ́n ń fi tì mí lẹ́yìn láràárọ̀, tó le bí òkúta, tí kò jọ orúnkún tó ń dunni rárá, ló sọ sí mi lọ́kàn.

"Màmá. Ẹ mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀? Mo rò pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn."

"Ẹ rí mi tí mò ń sunkún lórí ẹní! Ẹ ní kí n mú àga!"

"Ta ni wàá ní kí n sọ ọ́ fún? Bàbá rẹ?"

"Látìgbà wo ni tiyín ti ń jò?"

Wọ́n gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Láti orí rẹ ni."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nílé tèmi. Orí ọmọ ò wọ́, ìyá ọmọ ló wọ́, àgbà náà sì dákẹ́. Inú bí mi sí wọn. Mo tún ronú gbogbo ìpara tó wà nínú àpótí, inú sì tún bí mi, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí inú ń bí mi sí mọ́.

Nírọ̀lẹ́, èmi pẹ̀lú wọn jọ jókòó kírun, àga méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni ọkọ mi wọlé.

"Tìyá tọmọ!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé orúnkún ti ń dun ìwọ náà ni?"

Mo la ẹnu. Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

"Kì í ṣe orúnkún," ni wọ́n wí. "Kò fìgbà kan jẹ́ orúnkún rí. Ẹ jókòó, ọkọ wa."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó jókòó.