Mọ́tò tí kì í pariwo

Lónìí, wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ọkọ mi àti àbúrò ẹ̀ ni o. Àwọn méjèèjì ra irú mọ́tò tó ń mu epo, tí wọ́n tún ń fi wáyà ṣáàjì nílé. Wọ́n ti jiyàn epo, wọ́n ti jiyàn ṣáàjì. Ó wá ku mọ́tò ta ni kì í pariwo.

Wọ́n ní kí n dúró ní géètì wa ní Ìkòsí, kí n kọjú sí ògiri, kí n nawọ́ sókè tí mo bá gbọ́ mọ́tò tó ń bọ̀.

Mummy Síkírù, aládùúgbò wa, bá mi níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí lo ṣe fún wọn?"

Mo ní, "Mummy, ẹ má dá wọn lóhùn. Ti ọkọ mi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ti àbúrò ẹ̀ dáa jù ú lọ, àmọ́ màá ní ti ọkọ mi ló borí, kí n lè rójú nílé."

Mummy kàn ń wo ẹ̀yìn mi.

Mo yíjú padà. Mọ́tò méjèèjì ti wà lẹ́yìn wa, wọ́n ti sọ gíláàsì kalẹ̀.

Ọkọ mi ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn yọrí síta:

"Àmọ́ nínú àwa méjèèjì, mọ́tò ta lo gbọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí n ò gbọ́ ìkankan, ta ni kí n dárúkọ? Ọkọ mi ṣì dúró ní géètì, ó ń retí èsì.