Ta Ni Yóò Gbé Èkejì Ọmọ?

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé inú aboyún máa ń dùn ṣáá, ẹni náà kò gbé ilé ìyá ọkọ rí. Èmi bínú tán nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Mo bínú láàárọ̀, mo bínú lálẹ́, mo bínú sí omi tí kò tètè hó. Bí mo bá ń kó ẹrù ọmọ sínú báàgì, ńṣe ni mò ń ki aṣọ bọ inú rẹ̀ bíi pé aṣọ ló ṣẹ̀ mí.

Ilé ọkọ mi ní Ìlá Ọ̀ràngún ni mò ń gbé nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣe wẹ́dà ní Èkó, ìgbà Iléyá àti ọdún ìlú ló máa ń wálé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, takisí ni mo máa ń wọ̀ lọ, òun náà ni mo máa ń wọ̀ bọ̀. Èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan la wà nínú ilé náà, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Lójú àwọn ará àdúgbò, ìyá náà kò lẹ́gbẹ́. Ó mọ èèyàn kí, bó bá sì ń ṣe àdúà, omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá bá èèyàn gbélé ló mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwa aboyún ní ọsibítù ti sọ ohun tí kálukú yóò kó wá. Obìnrin gíga kan ni, ohùn rẹ̀ a máa le bíi ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Ó ní ká mú rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wá, ká mú pádì, ìbọ̀wọ́, bíléèdì, òwú, dẹ́tọ́ọ̀lù, òrí, kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, fìlà ọmọ àti fláàsì omi gbígbóná. Ó ní ká má gbàgbé ìlédìí tó pọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dá wàhálà sílẹ̀.

"Ẹ mú ike onídèérí dání o, èyí tí kò jò. Kí ẹ sì wá ẹni tí yóò gbé èkejì ọmọ lọ sílé. A kì í bá èèyàn sin ín níbí."

Ní tiwa, ilé baba ọmọ la ti ń sin èkejì ọmọ, ìyẹn ibi tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde. Wọ́n á gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá baba ọmọ yóò sì jókòó sí tí yóò ti máa wẹ ọmọ, tí omi ìwẹ̀ náà yóò máa ṣàn sórí ilẹ̀ tó gbà á. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà méjì tó ń jà lórí ilẹ̀ ní ìlú wa, kò ní pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi lu àyà pé, "Ilé yìí ni wọ́n sin èkejì mi sí." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tí wọn kò sin tirẹ̀ sílé, bó tilẹ̀ jókòó sórí àga ńlá, àlejò ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ́ gbogbo ẹrù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń kó wọn sínú báàgì. Ìyá ọkọ mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò dáhùn ìkíni mi.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n fẹ́ fi ike yẹn ṣe?"

"Ti èkejì ọmọ ni, Màmá. Nọ́ọ̀sì ló ní ká mú un dání."

"Ẹ̀ẹ́n. Bó o bá bímọ tán, ilé bàbá tìẹ ni kó o gbé e lọ. Ilẹ̀ ilé yìí kò mọ̀ ọ́n."

"Màmá, kí lẹ ń sọ yìí?"

"Ohun tó o gbọ́ náà ni. Ẹni tó ni oyún ni kó wá sin èkejì."

Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́, èdè tí èmi náà fi dàgbà. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ yìí rọ̀ jù bó ṣe sọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí oyún náà dúró, ìyá ọkọ mi kò sí nílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ ní Ìbàdàn, ó lọ bá a tọ́jú ọmọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni ọkọ mi yọ́ wálé. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó padà lọ́jọ́ Àìkú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí gbọ́. Bí ẹni kan bá ti Èkó dé lọ́dọ̀ wa, kó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ẹni tó ní ìṣòro ti jókòó dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ìyàwó òun nìkan lòun fẹ́ rí. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà yẹn, n kò ní purọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ó bá mi pẹ̀lú ikùn. Ó ka oṣù láti ìgbà Iléyá, oṣù kò bára mu.

Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wálé. Ó ní irọ́ ni, pé ọmọ tòun kò lè tẹ ilẹ̀ Ìlá kó má wá òun dé ibi tóun bá wà. Mo rò ó títí kí n tó mọ ohun tó ń ṣe ìyá yìí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n jẹ́ panṣágà ju kí ọmọ rẹ̀ wálé láìsọ fún un lọ. Ó yé mi yékéyéké, n kò sì torí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Màmá pé ẹ wálé."

"Màá sọ fún wọn. Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Tí mo bá dé, màá sọ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Ṣe sùúrù. Ìwọ náà mọ bí Màmá ṣe rí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo wálé tí mi ò dúró rí wọn, wọ́n á bínú."

"Ta wá ni kí wọ́n máa bínú sí? Èmi? Ojo ni ìwọ ọkùnrin yìí!"

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ "ìwọ" sí ọkọ mi. Ọkùnrin tó ń fi iná jó irin láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ń sá fún obìnrin tí kò ga tó èjìká rẹ̀. Mo pa fóònù, mo sì ju fìlà ọmọ mọ́ ògiri.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ìyá baba ọmọ ló máa ń kó ìró àtijọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó ti rọ̀, kí a lè gé e ṣe ìlédìí. Tirẹ̀ kún àpótí. Ó mú èyí tó rọ̀ jù nínú wọn, ó fi bo gààrí tó ń sá. Kí n lè rí i ni. Èmi náà lọ ra aṣọ funfun lọ́jà, mo gé e, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra kó lè rọ̀, mo sì sá gbogbo rẹ̀ síwájú fèrèsé rẹ̀. Kí òun náà lè rí i ni. Bó bá fẹ́ kọjá, á fi ìka méjì ká aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé ó ń rùn.

Ó ní ewúrẹ́ kan tó lóyún lásìkò náà. Bí mo bá ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé báyìí, ìyá ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ kúkú mọ òbúkọ tó fún ẹ lóyún. Ojú kò tì ẹ́ láti mú un wá sílé." Èmi náà á yíjú sí adìẹ rẹ̀. "Ìwọ adìẹ yìí, o ò ṣọ́ ọmọ tìẹ tí àṣá ń gbé, ẹyin ẹlẹ́yin lò ń kà kiri." Àwọn ẹran ilé yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Bó bá gún iyán, èmi á se ìrẹsì. Bó bá ní "àmín" sí àdúà nínú rédíò, èmi á dákẹ́, kó má di pé a jọ gba àdúà kan náà.

Báàgì kún, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun gbogbo ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ike lọ sílé nìkan ni kò sí. Ìrọbí kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé ọmọ mi yóò wáyé, ilé baba rẹ̀ yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó tó lajú. N kò tíì sọ fún bàbá mi ní Ìrèsì. Ìyá mi ti kú, iṣu àti obì ni bàbá mi ń gbìn, ó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bí bàbá ìyàwó bá gbé èkejì ọmọ wá sílé ara rẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò bi í pé ṣé ọmọ rẹ̀ kò lọ́kọ ni.

Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú mi. Mo gbé báàgì, mo gbé ike, mo jáde. Ìyá ọkọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Màmá, mò ń lọ sí ọsibítù o."

"Ó dàbọ̀."

Kò gbójú sókè. Ọ̀tá èèyàn pàápàá, bó bá rí aboyún tí ìrọbí mú, á ní ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. "Ó dàbọ̀" ni tèmi. Ọlọ́kadà tó gbé mi, tí n kò mọ̀ rí, ló gba àdúà náà fún mi títí a fi dé ẹnu géètì ọsibítù.

Mo bí ọkùnrin. Wọ́n fi í lé mi láyà, ó gbóná, ó ń ké, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé pé mo ní ọ̀tá. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi gbé ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ta ni yóò gbé èkejì ọmọ?"

Mo pe ọkọ mi. Ó kígbe ayọ̀, ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà. Mo sì ń gbọ́ ariwo irin tí wọ́n ń gé lẹ́yìn rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Mo pe bàbá mi, mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, mo sì sunkún.

Bàbá mi gba Ọ̀tan wá, ó dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ọmọ, ó ṣàdúà fún un, ó wá wo ike.

"Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ?"

"Ẹ má lọ, Bàbá."

"Ọmọ wọn ni o."

"Wọ́n ní kì í ṣe tiwọn."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo orí ike náà, ó gbé e mọ́ra, ó sì jáde láìdé nǹkan kan lórí. N kò rí bàbá mi kó rìn láàárín ìgboro láìdé fìlà rí. Ìgbà yẹn ni mo búra pé n kò ní dárí ji ìyá ọkọ mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi dé ní tòótọ́, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ wọlé. Ó wo ọmọ, ó wò mí, ojú tì í. Ó wá rí ẹnu sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo wálé nígbà tí ẹ wà ní Ìbàdàn. Ọmọ mi ni."

"O wálé?"

"Mo wálé, Màmá."

"O sì padà láìdúró dè mí?"

Ọkọ mi sorí kọ́. Ìyá náà di irin bẹ́ẹ̀dì mú. N kò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bojú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ike náà dà? Ẹ gbé e fún mi kí n lọ sin ín."

"Ó ti wà ní Ìrèsì," mo dá a lóhùn. "Bàbá mi ti sin ín."

"Kí wọ́n hú u."

Nọ́ọ̀sì tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì ló dá a lóhùn. "A kì í hú u, Ìyá. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìrèsì ni mo gbé ọmọ gbà láti ọsibítù, ibẹ̀ la ti wẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ mi wá bẹ bàbá mi, bàbá mi sì jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èmi kò gbà, wọn kò sì bi mí. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo háyà yàrá kan ní Ọ̀tan. Ìgbà Iléyá nìkan là ń lọ sí Ìlá, torí pé ọkọ mi kò lè ṣe kó má lọ.

Nígbà Iléyá ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ ẹbí ọkọ mi tó wálé ń ṣeré ní àgbàlá, ìjà dé. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ọmọ mi kúrò lórí àpáta tí wọ́n ń jókòó sí, ó ní ti onílé ni. Ọmọ mi ní onílé lòun náà. Wọ́n bi í pé níbo ni wọ́n sin èkejì rẹ̀ sí. Ó ní Ìrèsì ni, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe fi hàn án. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, "Àlejò! Àlejò!"

Ìyá ọkọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti dìde lé wọn. Ọmọ mi sáré wá bá mi, kò sunkún, ó kàn fẹ́ mọ̀.

"Mọ́mì, ṣé àlejò ni mí nílé yìí?"

Ìyá rẹ̀ àgbà ń wò mí. Ó ń fojú bẹ̀ mí pé kí n sọ pé rárá. Mo nu ekuru ojú ọmọ mi.

"Ìyá àgbà ló mọ̀," ni mo wí. "Lọ bi wọ́n."

Ó sì lọ bi wọ́n.