Bí Mo Ṣe Rán Bàbá Mọ́mì Lọ sí Bọ́mà

Èmi ni mo parí Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́. Mo kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn Jámánì sì gbé ìbọn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó wà níbẹ̀ ni bàbá Mọ́mì. Mọ́mì yìí kì í ṣe ìyá mi o. Ìyá òyìnbó kan ni, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó ń dá gbé ní South Thamesmead, nínú fúláàtì kan tó kọjú sí adágún omi, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn ti ń ya ìgbẹ́ sójú ọ̀nà bíi pé àwọn ló ni àdúgbò. Láràárọ̀ ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ bá a, kí n fún un lóògùn, kí n se ẹyin, kí n bá a wọ ìbọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nìyẹn. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí mò ń lọ ní Belvedere, bí ẹ bá ju òkúta sáàárín ìsìn, bí kò bá ba ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, á ba dírẹ́bà.

Bàbá Mọ́mì ja ogun méjèèjì. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, pẹ̀lú irun imú tó tò bí ìgbálẹ̀. Nígbà ogun kìíní, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó sọ fún àwọn ológun ní Woolwich pé òun ti pé mọ́kàndínlógún, wọ́n sì fún un lẹ́ṣin kó máa fi wọ́ ìbọn ńlá nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ìkejì dé, ó ti lé lógójì. Ó yọ ọdún márùn-ún dànù, wọ́n tún gbà á. Ọjọ́ tí Mọ́mì sọ èyí fún mi ni mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹni wa ni! Èmi náà ní ọjọ́ orí méjì: ọ̀kan tí ìyá mi mọ̀, ọ̀kan tó wà nínú fáìlì ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́. Ẹ má bi mí ní iye ọdún tó wà láàárín wọn.

Ìrántí Mọ́mì ló ń jò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bi í pé, “Níbo ni wọ́n rán Bàbá lọ nígbà ogun kejì?” Ó yíjú sí fọ́tò ara ògiri, ó tún yíjú sí mi. Ó di ṣíbí mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò jẹ ẹyin náà.

Ẹ wò ó, nílé wa, kí ọmọ tó fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ti ń fi oríkì bàbá rẹ̀ kí i. Mi ò lè máa wo ìyá arúgbó tí bàbá rẹ̀ ṣófo lẹ́nu rẹ̀. Mo bá dìde, mo kí i: “Ọmọ Ajagun-má-wẹ̀yìn! Ọmọ a-fi-erin-la-odò-já!” Mo ní Bọ́mà, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun wa lọ ní Éṣíà, ni wọ́n rán bàbá rẹ̀ lọ, erin ló ń gùn. Mo ní ọ̀nì kan jí bàtà rẹ̀ létí odò, ó padà lọ bá a, ó gba bàtà náà, ó sì bá ọ̀nì wí. Mo ní bàbá tèmi náà wà níbẹ̀, ife tíì kan ṣoṣo làwọn méjèèjì jọ ń mu. Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹyin tán, ó tún béèrè búrẹ́dì. Láti ọjọ́ yẹn, bí kò bá sí oríkì, kò sí oúnjẹ.

Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Lẹ́yìn tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kánsù kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wá wò ó bóyá ọpọlọ rẹ̀ ṣì gbé e láti máa dá gbé. Bí kò bá gbé e, wọ́n á mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó ní ibi tó jìnnà, wọ́n á ti fúláàtì náà pa. Mọ́mì di ọrùn ọwọ́ mi mú. “Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ,” ló wí. “Níhìn-ín, bí orí mi bá gbàgbé, ẹsẹ̀ mi mọ̀nà.”

Ọmọ wa ni kánsù rán wá, ọmọge kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó gbé fáìlì mọ́yà bí ọmọ tuntun. Ó wò mí, ó mọ̀ mí ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀.

“Uncle, káàárọ̀. Jọ̀ọ́, jókòó síbẹ̀ yẹn, má dá sí ọ̀rọ̀ wa o.”

“Jókòó? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?”

“Sọ́rì, Uncle. Ẹ jókòó. Ẹ má dá sí i.”

Ó ní kí Mọ́mì se tíì kí òun rí i. Mọ́mì gbé kẹ́tù ka iná, irú kẹ́tù tó máa ń súfèé bí omi bá hó. Kó tó súfèé ló gbé e kúrò, ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé tíì lórí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Súfèé yẹn jọ igbe ọta ìbọn ńlá létí bàbá rẹ̀; bó bá ti gbọ́ ọ, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Látìgbà tí Mọ́mì wà lọ́mọdé ni kò ti jẹ́ kí kẹ́tù kígbe nínú ilé. Èmi mọ̀. Ọmọge ò mọ̀. Ó fọwọ́ kan ife, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

“Ọjọ́ wo la wà?”

“Túsìdeè.” Ó gbà á.

“Ta ló wà nínú fọ́tò yẹn?”

“Bàbá mi. Ogun méjèèjì ló jà.”

“Ẹ ṣé. Níbo ni wọ́n rán wọn lọ nígbà ìkejì?”

Mọ́mì gbé àgbọ̀n sókè. “Bọ́mà. Erin ló ń gùn.”

Bírò dúró. “Erin?”

“Erin. Ọ̀nì kan jí bàtà rẹ̀, ó lọ gbà á padà. Bi ọkùnrin yẹn, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀.”

Ọmọge yíjú sí mi. Èmi yíjú sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Bírò tún bẹ̀rẹ̀, kò dúró mọ́. Ìlà kan, ìlà méjì, ó ṣí ojú ewé. Mo mọ ohun tó ń kọ. Irọ́ tí mo fi bọ́ ìyá yìí ló fẹ́ lé e jáde nílé.

Mo bá fò dìde. Mo nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà mi kanlẹ̀, níwájú ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, èmi ni! Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Ẹ gba iṣẹ́ mi, ẹ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un!” Omi lé ròrò lójú ọmọge, ó fa ìwé náà ya.

Ó wù mí kí n parí ìtàn náà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti sọ ọ́ fún bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní mo ṣe bí ọkùnrin.

Mi ò dìde. Ìdí mi lẹ̀ mọ́ àga. Fáìlì ọ́fíìsì mi ni mò ń rò: bí mo bá lanu, wọ́n á ṣí i, wọ́n á rí ọjọ́ orí mi. Mọ́mì ló wò mí títí, nígbà tó rí i pé mi ò ní sọ̀rọ̀, ló na ìka sí ìwé.

“Ọmọbìnrin, pa ìyẹn rẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá mi ò kúrò ní Woolwich nígbà ogun kejì. Ọ̀dùnkún ló ń bó nínú ilé ìdáná àwọn ológun. Ọkùnrin yìí ló ń purọ́ rẹ̀ fún mi láràárọ̀, ó sì dùn ju ọ̀dùnkún lọ.” Ó wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kẹ́tù.

Bóyá ó ti ń rántí tipẹ́ ni o, bóyá ẹ̀rù ló jí i, mi ò mọ̀. Ọmọge fi bírò fagi lé ìlà wọ̀nyẹn. Lẹ́nu ọ̀nà ó bi mí pé, “Uncle, bàbá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n lọ sí Bọ́mà lóòótọ́?”

“Télọ̀ ni,” ni mo wí.

Wọ́n fi Mọ́mì sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí lórí ibùsùn rẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ni mo hùmọ̀ fúnra mi. Jókòó ni mo jókòó.