Ẹ̀kọ́ Aago Mẹ́rin àti Ìrun Alásárì

Bí o bá ti gbé Sábó ní Ṣàgámù rí, o ò ní gbàgbé òórùn èèpo obì tí wọ́n rẹ sómi. Ó dà bí ewé tó ń jẹrà lẹ́yìn òjò. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, àní ó máa ń wọ ọbẹ̀. Òórùn yẹn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ tí mo di ìyàwó ilé olóbì níbẹ̀, láyé ìgbà tí tẹlifíṣàn ṣì ṣọ̀wọ́n láàrin wa.

Ọkọ mi a máa tẹ̀lé ọkọ̀ obì lọ sí Kánò, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Àlàájì, ló ni ilé, òun náà ló ni tẹlifíṣàn kan ṣoṣo tó wà lágbo ilé wa. Inú àpótí pákó ńlá ló wà, àpótí náà ní ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n máa ń tì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára okùn ṣòkòtò Bàbá. Ìyá ọkọ mi gan-an kò mú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ rí.

Èmi ní tèmi, ìṣirò ló gbé mi ṣubú nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Kí n tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àfi kí n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí bí mo ṣe lè gbé ọmọ ọwọ́ lọ jókòó sí kíláàsì. Ọkọ mi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì fi ìbínú sọ ọ́: bí n kò bá yege lẹ́ẹ̀kan yìí, kí n gba ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. N kò kẹ́gàn obì o. Obì ló ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mo fẹ́ jẹ́, ó ń pa mí bí ebi.

Àṣé tẹlifíṣàn ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn ní ìṣirò láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Bàbá gbà kí n máa wò ó. Mo máa ń jókòó sórí ẹní, ìwé lórí itan, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ọmọ bá ké, ìyá ọkọ mi kò ní jẹ́ kí n fún un lọ́mú níbẹ̀.

"Màmá, olùkọ́ yìí kò rí wa o," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé kò rí wa. Ṣé kì í ṣe ọkùnrin ni?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé aago mẹ́rin yẹn gan-an ni ìrun Alásárì. Bàbá kì í fi ìrun falẹ̀. Pálọ̀ ló mọ́ jù nínú ilé, ibẹ̀ la sì ti ń kírun. Bàbá á ti àpótí pa, a ó tẹ́ ẹní, a ó tò sẹ́yìn rẹ̀. Kì í kánjú, tó bá sì fi sàlámà parí ìrun tán, àdúrà tó máa gbà lẹ́yìn rẹ̀ á gùn ju ìrun lọ. Kó tó ṣí àpótí padà, olùkọ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Ìdáhùn ni mo máa ń bá lára pátákó, n kì í bá ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Mo dà bí ẹni tó dé ibi ìkómọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ abọ́ tán. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àlàájì pé kó yẹ ìrun?

Lọ́jọ́ kan, ó bojú wo ìwé mi. "Ìyàwó, kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń kọ́ yín lónìí?"

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. "Mi ò mọ̀, Bàbá. Ó ti kọ́ ọ tán ká tó dìde lórí ẹní."

Ó ń yí tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìrun kù díẹ̀, ó ní kí wọ́n sún àwọn agbọ̀n obì sápá kan nínú yàrá tí a ń kó obì sí. Ó ní ibẹ̀ ni wọn ó ti máa kírun ní ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ìyá ọkọ mi figbe ta. "Nítorí tẹlifíṣàn, Àlàájì? Ká wá máa forí kanlẹ̀ láàrin èèpo obì?"

"Ilẹ̀ Ọlọ́run ni ibẹ̀ náà," ni Bàbá wí. "Ẹ gbá a, ẹ fi omi nù ún." Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára okùn, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ tán. Kírun tìrẹ kí oòrùn tó pọ́n."

Mo ṣí àpótí náà fúnra mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bó ti wù kí wọ́n gbá yàrá yẹn tó, omi obì ti mu ilẹ̀ rẹ̀ látọdúnmọ́dún, ó ń gba inú ẹní yọ, àbààwọ́n obì kì í sì í gbọ́ ọṣẹ. Kò pẹ́ tí orúnkún ṣòkòtò funfun Bàbá fi pọ́n rúsúrúsú. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́sálásí kò jẹ́ kó sinmi. "Àlàájì, ṣé orí obì lẹ ti ń kírun ni?" Ó ní, "Ìyàwó wa ń kàwé ní pálọ̀." Bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Nígbà mìíràn iná ọba á lọ, Bàbá á wà láàrin agbọ̀n tó ń kírun, èmi á jókòó síwájú àpótí dúdú lásán. Síbẹ̀ kò sọ ọ́ rí pé ká padà sí pálọ̀.

Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege. Nígbà tí mo sáré wọlé wá sọ fún un, ó ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ. "Ìṣirò yẹn náà ńkọ́?" ló bi mí. Mo ní ìṣirò gan-an ni mo ṣe dáadáa jù. Ó ní, "Alihamudulilai," ó sì tẹjú mọ́ obì rẹ̀ padà. Ìyá ọkọ mi tó ti ń bá wa jà ló wá bẹ́ sí ijó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Ìkẹ́nnẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò mọ orúkọ olùkọ́ inú tẹlifíṣàn yẹn títí dòní, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ̀sìn ni kì í jẹ́ kí obìnrin kàwé. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń sọ fún wọn pé nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé mi, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run jù lọ ló gbé ẹní rẹ̀ kúrò lọ́nà fún mi.