Àpá Bọ́ọ̀lù Kì í Hàn Lórí Sìmẹ́ǹtì

Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò pé eré tẹníìsì ti gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pápá kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé. Ní báyìí, àwọn ọmọ ń gbé ráákẹ́ẹ̀tì kọ́ èjìká bí àpò ìwé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi obìnrin ló ń bí mi nínú, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Pápá tiwa ní Ìsàn, ilẹ̀ pupa ni. Eérú la fi ń fa ìlà rẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, máa ń mú wa lọ wòran nírọ̀lẹ́ níbi táwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbá a. Kò sí rẹfirí níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ tí ọ̀rọ̀ di iyàn, àwọn méjèèjì tó ń gbá a á jọ lọ síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo àpá rẹ̀.

"Ọ̀gá tíṣà, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Àpá rè é lórí ìlà!"

"Ẹsẹ̀ adìyẹ lò ń fi hàn mí yẹn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó jẹ̀bi á gbà. Kódà lórí tẹlifíṣọ̀n ilé wa, bí àwọn òyìnbó bá ń gbá a lórí ilẹ̀ pupa tiwọn, a máa ń rí i tí rẹfirí á sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀ lọ wo àpá. Bàbá mi á pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i? Bíi ti Ìsàn!"

Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi. Yunifásítì ni mo wà nígbà náà; tí mo bá ti délé, ó di pápá. Mo kọ́ ọ pé kó má pariwo, kó kàn kọjá sí òdìkejì nẹ́ẹ̀tì, kó fi sùúrù fi àpá han ẹnìkejì. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sí olùkọ́ kan ní Ìsàn tó lè borí rẹ̀ mọ́ lórí pápá.

Wọ́n wá pè é pé kó wá díje fún àyè nínú ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Pápá sìmẹ́ǹtì tuntun ni. Àyè kan ló kù, òun àti ọmọbìnrin kan ló jọ ń dù ú. Àbúrò mi ti gba gémù márùn-ún, ẹnìkejì mẹ́rin. Gémù kan péré ló kù fún un kó borí. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan, orí ìlà ló bà. Iwájú mi ni. Mo rí i. Rẹfirí ní áòtù, pé ó ré kọjá ìlà.

Àbúrò mi gbé ráákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá àpá lórí sìmẹ́ǹtì.

Ẹnì kan kígbe láàárín èrò: "Ọmọ oko, ṣé iṣu lo gbìn síbẹ̀ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kó o débẹ̀?" Rẹfirí ló ń bi í.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ fi ibi tó balẹ̀ hàn yín ni."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi? Mo ti gba gémù yìí lọ́wọ́ ẹ."

Ó di márùn-ún sí márùn-ún. Látìgbà náà, kò rí gémù kankan gbà mọ́. Ẹnìkejì ni wọ́n mú.

Ìwé òfin wà lọ́wọ́ mi. Ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó wáyé, lẹ́yìn náà kí wọ́n gba póìǹtì kan lọ́wọ́ ẹni, kó tó wá kan gémù. Kò kìlọ̀ rárá. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ìlà. Rẹfirí yẹn kan náà ló sì ń kọ́ ọmọbìnrin kejì ní tẹníìsì. Mọ́tò kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ wá! Mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta sí àjọ tẹníìsì ìpínlẹ̀, wọn ò fèsì. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé kan ò tilẹ̀ gbójú sókè: "Àǹtí, àbúrò yín ò mọ òfin."

Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti kà á ní yunifásítì pé èèyàn kò gbọdọ̀ kọjá sí òdìkejì nẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé òfin àwọn tó ń gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n ni, pé kò kàn wá ní Ìsàn. Nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò kọ ìyẹn.

Nínú takisí tó gbé wa padà lọ́jọ́ ìdíje náà, kò sunkún. Nígbà tá a kọjá Ọ̀yẹ́, ó ní: "Àǹtí mi, ẹ ṣáà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò burú. Ká ṣáà dé ulé."

Kò fọwọ́ kan ráákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìdó ló wà báyìí, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tó bá wá kí wa, tí wọ́n ń gbá tẹníìsì lórí tẹlifíṣọ̀n, á dìde lọ sẹ́yìnkùlé, á lọ máa bó ẹ̀gẹ́. Bàbá mi á rọra dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù.

Lóṣù tó kọjá, mo kọ lẹ́tà kẹrin. Mo kọ ohun tí mo mọ̀ tí mi ò sọ fún àbúrò mi sínú rẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. Ó wo ìlà bíi méjì lókè, ó dá a padà fún mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, àǹtí mi. Mo ní iṣẹ́ àárọ̀ lọ́la."

Kò kà á dé ibi tí mo ti jẹ́wọ́.