Ojú Ọ̀gá Nínú Dígí

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Hamdalah, onídìrí ní Ìdímù, gba òwe yìí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí oníbàárà bá ti fajú ro pẹ́nrẹ́n nínú dígí, ó parí, wọn ò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Orí lè máa dun obìnrin náà o, Hamdalah kò ní béèrè. Ìtìjú kò jẹ́. Yóò kàn tú irun tó ti dì dáadáa ni, yóò tún un dì.

Susanna tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ irun dì tó Hamdalah rárá. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá fajú ro, á rẹ́rìn-ín sí i: "Àǹtí, ṣé ó le jù ni? Ẹ pẹ̀lẹ́ jàre." Kíá, ara oníbàárà á balẹ̀. Hamdalah ń jowú ọ̀rọ̀ yìí débi pé ẹ̀rín Susanna lásán ti ń bí i nínú.

Lọ́dún 2011, ọ̀gá wọn, Ìyá Mubarakah, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Ìgàndó. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò fi ṣe olórí ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí Hamdalah ti gbọ́ ni kò ti gbójú kúrò lójú ọ̀gá mọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá jókòó sẹ́yìn Hamdalah tó ń dirun lọ́wọ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú dígí. Lójijì ó fajú ro, ó fúnnu pọ̀. Nígbà tó máa kọjú sí Susanna, ojú náà ti tú ká. Hamdalah ju ìyarun sílẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ kúkú gbé ṣọ́ọ̀bù yẹn fún Susanna. Mo ti mọ̀ pé òun lẹ fẹ́. Èmi ò ṣe!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú yín ni."

Ọ̀gá fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Ojú mi? Eyín ló ń dùn mí láti àná!" Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú pọ́ọ̀sì. "Ìwọ ni mo mú èyí wá fún lónìí. Ṣùgbọ́n tí ojú èmi nìkan bá dà ẹ́ láàmú báyìí, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe ti gbogbo Ìgàndó?"

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Susanna. Susanna kúnlẹ̀ gbà á, ó wá yíjú sí Hamdalah, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ irun dì, mi ò lè dá a ṣe."

Hamdalah wo ẹ̀rín náà títí. Ẹlẹ́yà ló rí níbẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.