Àgbá tí Delbert Rusk Rì Mọ́lẹ̀

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni èmi àti Delbert Rusk ti jọ ń gba ojú ọ̀nà eléruku kan náà lórí òkè wa ní àríwá Kalifóníà, kò sì sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé òun ń gbin igbó. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ló mọ̀. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, òórùn òdòdó igbó a máa bá afẹ́fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, títí kan inú bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí mo ń wà nígbà náà. Tí mo bá pàdé rẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ igi ìdáná, kálukú a sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà ń gbin tèmi. Èmi náà kò sọ.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin ṣì kà á léèwọ̀, àwọn ọlọ́pàá a máa fi hẹlikọ́pítà rà bàbà lórí òkè wa ní gbogbo ìgbà ìkórè, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀ sínú oko ẹni. Ọdún keje tí mo débẹ̀ ni wọ́n mú Lyle, àbúrò Delbert, nítorí igbó tí wọ́n rí lórí pẹpẹ ilé ìdáná rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣẹ̀wọ̀n, nígbà tó sì dé, kò lè bá èèyàn jókòó pẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Delbert ti pinnu pé ohun tí òun bá kórè kò ní sun inú ilé òun mọ́.

Ká sọ tòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìtọ́jú igbó jù ú lọ lórí òkè yìí. Joleen ìyàwó rẹ̀, tí kì í ṣe ẹni tí ń panu mọ́ bíi tirẹ̀, ló sọ bó ṣe ń ṣe é fún mi. Yóò so àwọn ẹ̀ka náà rọ̀ sínú ahéré tó ṣókùnkùn, orí wọn nísàlẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Yóò máa tẹ ẹ̀ka tín-ín-rín wò. Bó bá ṣì ń tẹ̀, kò tíì gbẹ. Bó bá kán, ó tó. Ìgbà náà ni yóò kó òdòdó rẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, kò ní jẹ́ kó kún dẹ́nu, yóò sì máa ṣí ìdérí rẹ̀ lójoojúmọ́ kí omi tó kù nínú rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ jáde. Tó bá ṣí i tó ń rùn bíi koríko tútù tí wọ́n kó jọ, yóò tún dà á síta kó gbẹ sí i. Lẹ́yìn oṣù kan, yóò kó gbogbo ìgò náà sínú àgbá oníke, yóò rì í mọ́lẹ̀ nídìí igi ńlá kan nínú ẹgàn. Ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ ṣókùnkùn. Igbó tó bá lo ọdún méjì níbẹ̀ a máa ta sánsán bí ẹni pé oṣù tó kọjá ni wọ́n já a.

Nígbà tí òfin yí padà, tí wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan lè gbin igi igbó mẹ́fà, Joleen bẹ̀ ẹ́ pé kó kan kọ́bọ́ọ̀dù sí yàrá ẹ̀yìn tí kò ní fèrèsé.

"Delbert, òfin ti gbà á. Ta lo wá ń sá fún?"

"Òfin tó gbà á lónìí lè kọ̀ ọ́ lọ́la. Ilẹ̀ ò ní lọ fẹjọ́ mi sùn."

Ọdún tó kọjá ni jẹjẹrẹ mú Joleen. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára nílé ìwòsàn kì í jẹ́ kí oúnjẹ wù ú. Ó lè wo àwo ọbẹ̀ kó bú sẹ́kún. Igbó Delbert nìkan ló ń ṣí i lọ́fun. Tó bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò tábà kékeré kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè oúnjẹ. Wọ́n ti gbìyànjú èyí tí wọ́n ń tà nílùú, àyà rẹ̀ já títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Irú kan ṣoṣo tí Delbert ti ń gbìn láti ogójì ọdún ló bá a lára mu. Nítorí náà, ìkórè ọdún yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Òun ni Joleen yóò fi máa jẹun títí ìtọ́jú rẹ̀ yóò fi parí nínú oṣù karùn-ún.

Ọjọ́ kẹfà tí Delbert so ẹ̀ka rọ̀ ni hẹlikọ́pítà kan kọjá. Iná ń jó ẹgàn lódìkejì òkè, omi ni wọ́n ń gbé lọ fi pa á. Gbogbo wa rí garawa ńlá tó ń fì lábẹ́ rẹ̀. Delbert náà rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo òdòdó náà ti wà nínú ìgò, ìgò ti wà nínú àgbá, àgbá ti wà nínú ilẹ̀. Joleen ní kó lọ hú u. Delbert ní òun ti tẹ ẹ̀ka rẹ̀ wò, ó ti gbẹ. Irọ́ ni, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ pé garawa omi lòun sá fún.

Oṣù kìíní ni èyí tó ṣẹ́ kù láti ọdún tó ṣáájú tán, ló bá lọ hú àgbá náà. Ìgò mọ́kànlá. Ó ṣí ọ̀kan, òórùn bíi ti ìtọ̀ kọlù ú. Ó ti bu, ebu funfun ti bò ó bí òwú. Ó ṣí gbogbo wọn tán, bákan náà ni. Láyé àtijọ́, a ó ṣa èyí tó bá ṣì dára níbẹ̀, a ó fà á, a ó wúkọ́, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ohun tó bá bu kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró Joleen, nítorí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá a jà. Síbẹ̀ Delbert ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e wá síwájú rẹ̀.

"Èyí mọ́, Jo."

"Ṣé o lè búra?"

Kò lè búra. Ó kó o jáde lọ dà sínú òjò.

"Lọ bá Winnie," ni Joleen wí.

Èmi ni Winnie. Òjò ti já wáyà fóònù gbogbo òkè, kò sì sí bó ṣe lè pè mí fúnra rẹ̀. Láti ilé wọn sí tèmi kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́rin ni Delbert fi rìn ín.

Àárọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a tó dúró tó tutù rinrin.

"Ẹ̀gbọ́n Delbert, ẹ wọlé, òjò ń pa yín."

Kò wọlé. "Winnie, mo ń gbin igbó."

"Mo ti gbọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Imú mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti bà á jẹ́. Gbogbo ẹ̀ ló bu. Jo ò jẹun látọjọ́ mẹ́rin. Àtọjọ́ kìíní ló ti ní kí n wá."

Inú bí mi. "Ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àbí ẹ ò gbọ́ ọ rí? Ọ̀rọ̀ tiyín kọ́ lẹ tún dákẹ́ lé lórí, tìyàwó yín ni."

"Mo mọ̀," ló wí.

Mo lọ mú ìgò kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ṣí i, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dijú. Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Tèmi nìyí."

"Tiyín ni. Joleen ló fún mi ní ẹ̀ka ẹ̀, ó fi aṣọ tútù wé e wá. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé."

Ó fi ìgò náà sábẹ́ aṣọ rẹ̀, a sì jọ gba inú òjò lọ sí ilé rẹ̀. Joleen wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ti rù hangogo. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ̀yìn tì. A jókòó, a ń retí. Ẹ̀rù bà mí pé a ti pẹ́ jù. Nígbà tó yá, ó ní ṣé ọbẹ̀ ọ̀dùnkún wà. Delbert gbé e wá, ó sì ń wò ó bó ṣe ń fi ṣíbí bù ú sẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Jo, ta lo tún fún?"

"Gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà yìí."

"Títí kan pásítọ̀?"

"Pásítọ̀ gba méjì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú Lyle. Mo ní tí wọ́n bá wá kó tiwa lọ, ó yẹ kó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnì kan."

Delbert fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Joleen jẹ́ kó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló na abọ́ sí i.

"Bù sí i fún mi."